Nígbà Tí Abúlé Di Wọ́ọ̀dù

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sùn mọ́jú ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹnì kan á ti kan ilẹ̀kùn yín. Kò wá tọrọ nǹkan, ẹnikẹ́ni ò sì rán an níṣẹ́ sí yín. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ jí ni. "Ẹ ò jíire bí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Tẹ́ ẹ bá dá a lóhùn tán, á kọjá sí ilé kejì. Kẹ́ ẹ tó fọnu tán, ẹni mẹ́fà á ti béèrè àlàáfíà yín, ẹ̀yin náà á sì ti béèrè tiwọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo kórìíra àṣà yìí gan-an. Lójú tèmi nígbà yẹn, òfófó ni wọ́n ń ṣe, ìkíni ni wọ́n fi ń bojú.

Àbúrò mi kan ló jẹ́ kí n tún un rò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó dé láti Èkó ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló bọ́. Kò jẹun dáadáa mọ́. Á dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, á kọjú sí ògiri, fóònù á máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní gbé e. Nínú ilé wa n'Íbàdàn, kálukú ló ní orúkọ tó sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní igbó ló ń mu. Àǹtí wa kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ìyá àgbà wa nìkan ni kò sọ ọ́ lórúkọ. Ó kàn ránṣẹ́ láti oko pé, "Ẹ mú un wá bá mi níbí."

Èmi ni mo mú un lọ. Kí n má parọ́, inú ń bí mi. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi í pamọ́ káwọn aládùúgbò má baà rí i. Ìbínú yẹn ló sún mi débi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú nílẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni mo ti bá dókítà kan pàdé, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ṣe irú ohun tí Ìyá àgbà ṣe yìí gan-an. Ọdún 1954 ló bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ táwọn dókítà láti òkè òkun fi ń wá wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó bá nílẹ̀. Ìjọba àwọn òyìnbó ṣí ilé asínwín sí Yábàá ní 1907. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ilé asínwín, torí pé ilé ìwòsàn kọ́ ló jẹ́ nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́ ni, kó má baà máa rìn kiri ìgboro. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 ló fún adájọ́ lágbára láti ní kí wọ́n ti ẹni tí wọ́n bá pè ní wèrè mọ́ irú ibẹ̀. Ní 1944, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣí òmíràn sí Láńtòrò ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn sójà tí ojú wọn ti rí màbo lójú ogun wà lára àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Ẹ rò ó wò: wọ́n rán ọ lọ jagun fún ọba tí o ò rí rí, o dé, orí rẹ ò pé mọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi kí ọ káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé tiẹ̀ burú ju ọ̀rọ̀ ilé lọ. Dókítà òyìnbó kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, J. C. Carothers, kọ ìwé kan lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ìwà ọmọ Áfíríkà jọ ti òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ gé iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wa, torí pé a kì í ka ara wa sí ẹni tó jẹ̀bi nǹkan kan, ẹbí ló ń gbé ẹrù wa fún wa. Kì í ṣe pé ó fẹ́ yìn wá o. Lójú tiẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ ní làákàyè dé ìwọ̀n kan kó tó lè banú jẹ́ dénú.

Ọdún kejì ni Thomas Adéoyè Lambo gba iṣẹ́ ní Àrò.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Lambo ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní London. Ẹni tó mọ Abẹ́òkúta dáadáa ni ìjọba gbé ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Àrò lé lọ́wọ́. Ilé ò tíì parí tán, àwọn aláìsàn sì ti ń dé. Dókítà mìíràn ì bá jókòó dúró de bírílà. Lambo lọ bá àwọn baálẹ̀.

Abúlé ńláńlá mẹ́rin ló yí ilé ìwòsàn náà ká. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí Lambo bá wọn sọ ò le: ẹ gba àwọn aláìsàn mi sílé. Kò ní kí wọ́n gba ẹnì kan ṣoṣo o. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú mọ̀lẹ́bí kan dání, ó kéré tán, ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, àbúrò ìyá rẹ̀ ni o. Mọ̀lẹ́bí yẹn ló máa ń se oúnjẹ fún un, táá fọ aṣọ rẹ̀, táá mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, táá sì mú un padà bọ̀ lọ́sàn-án. Ní ilé ìwòsàn, ìtọ́jú òyìnbó ni wọ́n ń gbà: oògùn, abẹ́rẹ́, títí kan iná mànàmáná tí wọ́n ń fi sí orí nígbà yẹn. Tó bá wá di ọ̀sán, wọ́n á padà sábúlé. Níbẹ̀, ẹni tó bá lágbára á bá onílé rẹ̀ lọ sóko. Ẹni tí kò bá lágbára á jókòó ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé. Wọ́n ń lọ sí ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń lọ sí òde ijó, wọ́n ń lọ sí ọjà.

Mo fẹ́ràn apá kan nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Lambo kò rò pé ọmọlúwàbí nìkan ló lè mú kí àgbẹ̀ gba àlejò tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru sínú ilé. Àwọn onílé ń gba owó ilé. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó kí wọ́n fi kọ́ yàrá kún ilé wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n tún ìmọ́tótó ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbógun ti ẹ̀fọn. Kò pẹ́ tí aláìsàn fi di èrè fún abúlé. Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ba ẹwà ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Èmi ò gbà. Inú rere tí kò lówó lẹ́yìn kì í pẹ́ sú èèyàn, pàápàá tó bá jẹ́ inú rere sí ẹni tí kò lè dúpẹ́.

Ó tún ṣe ohun kan tó mú kí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ojú burúkú wò ó: ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n wá máa fún àwọn aláìsàn lágbo. Ohun tó fà wọ́n mọ́ra fún ni pé wọ́n mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù, wọ́n mọ ìdí tó fi gbà pé ìyàwó bàbá òun ló ń bá òun jà, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ sójú kan kí wọ́n máa jó, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣègùn yẹn kì í ṣe aláìmọ̀kan nídìí oògùn náà. Ewé àti egbò àsofẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń tu orí ẹni tó ń ya wèrè lára láti ọjọ́ pípẹ́. Raymond Prince, dókítà láti Kánádà tó wá ṣiṣẹ́ ní Àrò, kọ nípa rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 yẹn kan náà, àwọn ilé ìwòsàn òyìnbó ń lo oògùn tí wọ́n fà yọ láti ara igi tó bá àsofẹ́yẹjẹ tan.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà pàdé ní Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Lambo àti àwọn olùwádìí láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó jáde nínú iṣẹ́ náà ní 1963 fi àwọn ará abúlé yìí wé àwọn ará agbègbè kan ní Nova Scotia, ní Kánádà. Wọ́n bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn èèyàn lè má ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún un, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ẹni tó ń sunkún láìsí ìdí, ẹni tí ohunkóhun ò wù ú ṣe mọ́. Bí irọ́ Carothers ṣe tú síta nìyẹn. Lambo kúrò ní Àrò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963 gẹ́gẹ́ bíi pùròfẹ́sọ̀, ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní 1968, nígbà tó di 1973 ó ti di igbá kejì ọ̀gá pátápátá ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ rántí pé àjọ yẹn ló tẹ ìwé Carothers jáde o. Ogún ọdún péré ló wà láàárín ìwé yẹn àti àga yẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, kì í ṣe àwa nìkan la ronú kan irú nǹkan yìí. Ìlú kan wà ní Bẹ́ljíọ́mù tí wọ́n ń pè ní Geel. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan rèé tí àwọn onílé ibẹ̀ ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn kan sì wà nínú ilé kan náà fún ogójì ọdún. Ní Dakar, ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Faransé kan, Henri Collomb, gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Fann, òun náà sì ṣí ilẹ̀kùn fún mọ̀lẹ́bí kí wọ́n máa sun ti aláìsàn wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ṣe é, aláìsàn 1,202 ló sì wà níbẹ̀. London wà nínú rẹ̀, Moscow wà nínú rẹ̀, Washington wà nínú rẹ̀, Ìbàdàn náà wà nínú rẹ̀. Àìsàn tí wọ́n ń tẹ̀lé ni èyí tó le jù, tí èèyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, tí wọ́n tún lọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó yá jù. Àwọn tó wà ní ìlú tó lówó, tó ní oògùn, tó ní bẹ́ẹ̀dì, kò yá tó wọn.

Kí ló fà á? Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ẹbí ni. Àwọn kan ní iṣẹ́ oko ni, pé kò síbi tí oko ti ní o ò gba wákàtí mẹ́jọ, máa lọ sílé. Àwọn mìíràn ní bóyá irú àìsàn tó wá sí Ìbàdàn ló yàtọ̀, èyí tó bẹ́ lójijì tó sì tètè ń lọ. Mi ò kí ń ṣe dókítà, mi ò ní dá sí i. Mo kàn mọ ohun tí mo rí lóko Ìyá àgbà.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní ọjọ́ kejì tá a débẹ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ni Ìyá àgbà jí àbúrò mi. Kò béèrè pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Ọkọ mi, omi ti gbóná, lọ wẹ̀." Ó wẹ̀. Ó ní, "Lọ kí Bàbá ìsàlẹ̀ fún mi, kí o bá mi wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́." Ó lọ. Bó ṣe dé, ó tún rán an sí ilé kejì. Nígbà tí oòrùn máa fi yọ, ọmọ tí kò bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì ti sọ "ẹ káàárọ̀" nígbà mẹ́jọ, ẹni mẹ́jọ sì ti bi í pé ṣé ó sùn dáadáa. Ó parọ́ fún gbogbo wọn pé òun sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n fún un lọ́bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ tó bó nípọn bíi ti ìyàwó ọ̀lẹ. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kíá ló tún pa ẹnu dé.

Àwọn ojoojúmọ́ kéékèèké yìí ni mo wá ń fi ojú ìtàn wò báyìí. Àwọn abúlé Akínyẹlé yìí, oko àwọn ará Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú wọn; ilé wà níṣàlẹ̀ Ìbàdàn, oko wà níbí, àwọn èèyàn sì ń lọ wọ́n ń bọ̀. N. A. Fadipe tó kọ ìwé lórí àwùjọ Yorùbá ní 1939, tí Yunifásítì Ìbàdàn wá tẹ̀ jáde ní 1970, to àwọn ọ̀nà tí àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Àáró wà: lónìí a ó ro oko tìrẹ, lọ́la tèmi. Ọ̀wẹ̀ wà, tí èèyàn fi ń pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ láti bá òun ṣe iṣẹ́ ńlá, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé á sọ pé ọ̀nà láti rí òṣìṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú àáró ò lè dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta káwọn èèyàn má mọ̀. Ọjọ́ kìíní tí kò bá yọjú, wọ́n á wá a dé ilé. Ìkíni àárọ̀ tí mo kà sí òfófó, ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí nǹkan ń ṣe kó tó di ńlá ni.

Wọ́n sì nílò rẹ̀. Ìjàyè tí gbogbo wa ń ka ogun rẹ̀ nínú ìwé ìtàn, ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé yìí náà ló wà. Ìbàdàn fọ́ ọ ní 1862, lẹ́yìn tí ogun àti ebi ti jà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù sá gba Abẹ́òkúta lọ, wọ́n tẹ àgọ́ wọn dó síbẹ̀. Kò sí ilé ìwòsàn ọpọlọ kankan nígbà yẹn. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá tó rìn lọ sí Abẹ́òkúta yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ọmọ sí ojú ọ̀nà, pé ta ló kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ni wọ́n sì dáhùn.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń ta abúlé fún yín o. Abúlé tó ń kí èèyàn náà ló ń so èèyàn mọ́gi. Kí Lambo tó dé, lẹ́yìn tó lọ, títí di àsìkò tiwa yìí, àwọn ilé kan wà tí wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, tí wọ́n ń nà án, tí wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ni àwọn ń lé. Àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí rẹ̀ ní 2019: ilé oníṣègùn wà níbẹ̀, ilé àdúrà wà níbẹ̀, ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òfin àtijọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó pe èèyàn ní wèrè tó sì fi adájọ́ ṣe dókítà, oṣù kìíní ọdún 2023 la tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún! Ètò abúlé Àrò gan-an kò wà títí. Ìgboro Abẹ́òkúta gbòòrò, owó ilé gbówó lórí, àwọn ọmọ àgbẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ìjọba, àwọn mọ̀lẹ́bí ò sì ráyè jókòó ti aláìsàn fún oṣù mẹ́fà mọ́. Ilé ìwòsàn Àrò wà síbẹ̀, ó tóbi, ó lórúkọ, ṣùgbọ́n abúlé ti kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Ní ilé Ìyá àgbà náà, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò mi ṣì ń jí ní aago méjì òru, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìkíni ò mú oorun wá. Àǹtí wa yẹn tún ránṣẹ́ pé òun ti rí wòlíì kan. Ìyá àgbà ló ní rárá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọkọ mi, eléyìí ju ti ọwọ́ mi lọ. Oorun rẹ̀ ò dáa. Ẹ mú un lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì dá a padà wá fún mi." Ibi àkọ́kọ́ tá a lọ, ẹni tó gbà wá wò ó lójú, ó ní ọmọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ báyìí, kó lọ wá iṣẹ́ ṣe. Mo fẹ́ bá a jà. Ibi kejì ló dára. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò láyà láti bi í, bóyá ó ti rò ó rí pé kóun kú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi jókòó síbẹ̀, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn tó ní láti lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú bírò, ó ní kó sọ nǹkan kékeré mẹ́ta tó lè ṣe lójoojúmọ́, kì í ṣe ńlá o, kékeré. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wíwẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kíkí ilé mẹ́rin, bíbó ẹ̀gẹ́: ó ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó dáa, kó máa bá a lọ. Ọ̀nà ìtọ́jú gidi ni, wọ́n ń kọ́ọ ní yunifásítì. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, Pùròfẹ́sọ̀ Oyè Gúrejé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lo irú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kì í ṣe dókítà ọpọlọ ló ń ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n ń jókòó ti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, wọ́n jọ ń wo ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, ó sì ní ohun kan tó dùn mọ́ mi: àwọn tó gba ètò ńlá náà àti àwọn tó gba ìtọ́jú tí kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Àwọn olùwádìí lè má fẹ́ irú èsì yẹn. Èmi kà á, mo rò ó pé kí ẹni tó mọṣẹ́ díẹ̀ jókòó tì ọ́, kó béèrè, kó sì padà wá béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn gan-an ti ṣe púpọ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù nínú yàrá kan ṣoṣo ní Èkó tàbí ní London, mo mọ̀ pé ẹ ò ní Bàbá ìsàlẹ̀ tí wọ́n lè rán yín sí. Èmi náà ò ní i níbi tí mò ń gbé báyìí. Mo mọ orúkọ ẹni méjì péré nínú ilé alájà mẹ́ta tá a wà. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn Àrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu géètì wa láràárọ̀, kì í ṣe "ẹ káàárọ̀ mà" tí a fi ń sáré kọjá, mo máa ń dúró. Oṣù kìíní, ojú ló ń tì mí. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọjọ́ méjì lọ́dún tó kọjá, òun ló rán ọmọ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn.

Àbúrò mi lo oṣù méje lóko. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá ń bó dáadáa, wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kó máa yan gàrí. Ó ń jẹ ayò pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ń nà án bí ẹni na bàrà. Ó ti padà sí Èkó báyìí, ó ní iṣẹ́, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ní ọjọ́ tí kì í dára. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń pè mí láràárọ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Àná, netiwọ́ọ̀kì ò dára, ohùn rẹ̀ ń já.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Mo ní mo jí dáadáa. Mo ní ìwọ ńkọ́, ṣé o sùn?

Ó ní, "Díẹ̀."